Mi Ò Ní Kúnlẹ̀ Nítorí Iná Tí Mo Kọ̀ Láti Yìn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí mi ní Òkèhò. Bàbá mi, ọdẹ ayé, ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kí yín yìí, ìkúnlẹ̀ ọmọ sí bàbá tó bí i. Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ẹsẹ̀ yín tó ń dùn yín ńkọ́? Ìyá Àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ bá mi pariwo kí wọn, kí wọ́n lè gbọ́ pé èmi ni. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ẹ̀yin náà ẹ kú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nítorí yín ni lẹ́tà yìí fi máa gùn. Ọdẹ́jídé, àbúrò mi, mo kí ọ pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé inú rẹ kò dùn sí mi, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, kà á dópin.

Ẹ ó bèèrè pé kí ló dé tí mi ò pè lórí fóònù, tí mo gbé ọ̀rọ̀ ilé fún oníwèé ìròyìn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹjọ́ tí wọ́n rò mọ́ mi, wọn kò rò ó ní kọ̀rọ̀. Orí wáásáàpù àwọn ọmọ Òkèhò ni wọ́n gbé e sí, pé ọmọbìnrin ọdẹ dójú ti Olóyè níwájú àlejò rẹ̀ ní Àgbádárìgì. Àwọn tí kò mọ̀ mí rí ń fi ẹ̀rín ránṣẹ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ariwo sọ nípa mi, mi ò ní fi ohùn jẹ́jẹ́ dá a lóhùn.

Ara mi le. Mowó lẹ́bàá Àgbádárìgì ni mo ṣì ń gbé, nílé ìyá kan tó jẹ́ Ègùn. Láàárọ̀, á fi èdè wọn kí mi, èmi á fi Yorùbá dáhùn, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín, a ó sì bá iṣẹ́ wa lọ. Iyọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ ibí. Ó ń jẹ irin, ó ń jẹ ìlẹ̀kùn, mo máa ń rò nígbà mìíràn pé ó ń jẹ èèyàn náà. Ilẹ̀ tẹ́jú títí, kò sí òkè tí ojú lè sinmi lé bíi ti ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ Sunday ló máa ń nira fún mi jù, nígbà tí gbogbo ilé bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí tí wọ́n lọ kí ẹbí wọn ní Kankon, tó wá ku èmi àti ìró òrùlé páànù. Mo ti mọ ẹja jẹ ju ẹran ìgbẹ́ lọ báyìí. Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín.

Iṣẹ́ mi wàyí. Bàbá Kékeré sọ fún gbogbo agboolé pé báńgà ni mò ń yìn kiri. Báńgà kọ́. Báńgà ni èyí tí àwọn ọmọ ń jù sẹ́sẹ̀ èèyàn lásìkò Kérésì, tó ń dẹ́rù ba arúgbó, tó sì ń já ọmọ níka. Tiwa, ojú ọ̀run ló ń lọ. Ẹ ro bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n fi pépà wé ní ìpele ìpele. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ń ṣe é wá nínú àpótí. Ohun tí àwa ń pè ní irúgbìn ló kún inú rẹ̀, ìyẹn ìṣù ẹ̀tù kéékèèké tí wọ́n ti po oríṣiríṣi nǹkan ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀tù mìíràn wà nídìí rẹ̀. A ó sọ bọ́ọ̀lù náà sínú páìpù tó dúró ṣinṣin, a ó fa wáyà lọ sí ọ̀nà jíjìn, ibẹ̀ ni èmi ti máa tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀tù ìdí á ta á sókè. Okùn iná kékeré kan á máa jó lọ nínú rẹ̀ bó ṣe ń gòkè, nígbà tó bá sì fi máa dé ibi tó yẹ, bọ́ọ̀lù á bẹ́, irúgbìn á fọ́n ká ojú ọ̀run.

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀tù, ẹ ò bá gbádùn rẹ̀. Bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná ló ń mú àwọ̀ aró jáde, òun ló sì ṣòro jù nínú gbogbo wọn, nítorí bí iná bá ti gbóná jù, aró yẹn á ṣá. Ọ̀gá mi máa ń sọ pé bí èèyàn bá rí aró tó dúdú dáadáa lójú ọ̀run, kó mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kì í ṣe ọmọdé.

Àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ la fún wọn lórúkọ. Ọ̀kan wà tí à ń pè ní gúgúrú. Irúgbìn rẹ̀ á kọ́kọ́ máa rú bí ẹyín iná, ooru á kó jọ sínú rẹ̀, lójijì á fọ́ pàràpàrà ká gbogbo òkè. Ẹja wẹ́wẹ́ ni ti páìpù kéékèèké tó ń ti ara wọn kiri nínú òkùnkùn bí iná ṣe ń jáde lẹ́nu wọn, tí ẹ ó fi rò pé ojú ọ̀run di odò. Iwin ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Á tàn, á kú pátápátá, ẹ ó ti máa wolẹ̀ pé ó parí, á tún tàn ní àwọ̀ mìíràn. Kò sí idán ńbẹ̀. Ẹ̀tù tí kì í mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi sí àárín rẹ̀, bí ìpele àlùbọ́sà. Inú ìpele yẹn ló ń gbà kọjá nígbà tí ẹ kò rí i. Òṣíbàtà ni èyí tí à ń yìn sórí omi, tó máa léfòó kó tó là bí òdòdó. Tí a bá fẹ́ yìn ín, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rán ọkọ̀ lọ sọ fún gbogbo apẹja kí wọ́n kúrò lórí ọ̀sà.

Mo fi mọ̀rìwò ṣe ìkẹyìn nítorí òun ló dá wàhálà sílẹ̀. Wúrà ni. Bó bá bẹ́, á ya lulẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ní gígùn, bí imọ̀ ọ̀pẹ tó ń fì. Èédú àti lẹ́búlẹ́bú irin ló wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í tètè jó tán. Àwọn yòókù máa ń kú sókè kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Ti mọ̀rìwò, bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ láàyè yẹn gan-an ni ẹwà rẹ̀. Ohun tó mú un lẹ́wà ló mú un léwu. Ẹni tó bá fẹ́ yìn ín gbọ́dọ̀ mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé iná lọ, ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ní orí èèyàn, kò gbọdọ̀ ní òrùlé imọ̀.

Olóyè tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun ló kan òrùlé gbọ̀ngàn ìlú wa. Òun ló gba Ọdẹ́jídé ṣe awakọ̀. Nígbà tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ìyá rẹ̀ lórí iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun níbí, ó gbọ́ pé ọmọ Òkèhò kan wà lára àwọn tó ń yin iná, ó ní àwa ni kí wọ́n pè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ṣì ń dúpẹ́ fún ìyẹn.

Ọ̀gá mi, Ọ̀gá Sẹ̀tọ́njí, ọmọ Àgbádárìgì ni, ìlú kejì lẹ́yìn bọ́dà ló sì ti kọ́ṣẹ́. Gbogbo nǹkan ni ó máa ń sọ pé dùsímà, ìyẹn jẹ́jẹ́ ní ẹnu àwọn elédè Faransé. Bí ó ṣe tò ó nìyí: àwọn àlejò jókòó sí etí ọ̀sà, wọ́n kẹ̀yìn sí òkun. Àwọn páìpù wa wà lórí pèpéle tó léfòó lójú omi níwájú wọn. Afẹ́fẹ́ ibí, òkun ló ti máa ń wá ní ìrọ̀lẹ́, nítorí náà á gba orí àwọn àlejò kọjá, á gbé iná wa lọ sórí omi. Ẹ̀yìn àlejò ni àwọn àtíbàbà tí wọ́n fi imọ̀ àgbọn bò wà. A fi aṣọ funfun kan sórí ọ̀pá kí n lè máa wo afẹ́fẹ́. Wúsù, tí a jọ ń ṣiṣẹ́, dúró ti àwọn àtíbàbà pẹ̀lú àpò tó ti rẹ sínú omi. Èmi ni ọ̀gá fi sídìí bọ́tìnnì. Òfin wa ni pé ẹni tó bá wà nídìí bọ́tìnnì ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ọ̀gá pàápàá kò gbọdọ̀ fipá mú un.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Òṣíbàtà là, àwọn èèyàn hó. Ẹja wẹ́wẹ́, iwin, gúgúrú. Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọmọdé láti ibi tí mo wà. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé òjò ń kóra jọ lápá ìlà-oòrùn, aṣọ funfun wa sì wálẹ̀, kò mì mọ́. Ó ti kan mọ̀rìwò kékeré kan tó ṣáájú àwọn ńlá. Afẹ́fẹ́ kò sí, mo ní kó lọ. Ó bẹ́ lókè, wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni aṣọ náà dìde, tó kọjú sọ́dọ̀ àwọn àlejò.

Gbogbo wúrà yẹn gba orí wọn kọjá. Ìyá mi, wọn kò sá. Inú wọn dùn! Wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń pariwo pé ẹ wò ó, ẹ wò ó. Ẹyín iná kan balẹ̀ sórí àtíbàbà tó wà lápá ẹ̀yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú. Wúsù gùn un, ó fi àpò tútù lù ú pa. Kò sí ẹni tó rí i lára àwọn àlejò, nítorí òkè ni gbogbo wọn ń wò.

Àwọn mọ̀rìwò ńlá ló kù. Mo gbé ọwọ́ kúrò.

Ojú ọ̀run ṣókùnkùn, ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń darí ètò wá bá mi, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ ti yí. Mo ní kí wọ́n kó àwọn àlejò lọ sí apá òkun, kí wọ́n jìnnà sí àwọn àtíbàbà, tàbí kí a dúró bóyá afẹ́fẹ́ á padà. Ó lọ, Olóyè fúnra rẹ̀ ló padà wá. Ó ní òun ti ṣèlérí fún ìyá òun pé wúrà á rọ̀ bí òjò lé e lórí. Ó ní ìyá àgbàlagbà kò ṣeé máa gbé káàkiri lórí iyanrìn nítorí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́. Ó ní ṣé ọmọ ọdẹ ni ń bẹ̀rù ẹ̀tù báyìí?

Mo ní Olóyè, ẹ má bínú, ọmọ ọdẹ ló ń bẹ̀rù rẹ̀ jù.

Ó yíjú sí Ọ̀gá Sẹ̀tọ́njí, ó ní kó gba bọ́tìnnì lọ́wọ́ ọmọbìnrin yìí. Ọ̀gá wo aṣọ orí ọ̀pá, ó ní ohun tó ti sọ náà ni, sà. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ tí bọ́tìnnì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i kúrò lára bọ́ọ̀dù, mo fi sápò.

Ohun kan ṣoṣo ló dùn mí. Ìyá Olóyè ṣì gbé ojú sókè nínú òkùnkùn, ó ń retí. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, mo ní ìyá, ẹ kú ọjọ́ ìbí, èyí tó kù kò ní ṣeé ṣe lónìí. Ó fọwọ́ kan orí mi, ó ní kò burú, ọmọ mi, ọrùn ti ń dùn mí náà. Àwọn tó wà lórí wáásáàpù kò sọ ìyẹn fún yín.

Afẹ́fẹ́ fẹ́ títí wọ́n fi tú ká. Òjò ò tilẹ̀ rọ̀ tó nǹkan. Kò sí ohun tó jóná, kò sí ẹni tó fara pa. Ohun tí wọ́n wá fi ń bá mi jà nìyẹn. Bàbá Kékeré pè mí, ó ní bí ewu bá wà lóòótọ́, níbo ni ewu ọ̀hún wà? Ẹni mélòó ló jóná? Bàbá Kékeré, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ irú ẹlẹ́rìí tí ẹ ń bèèrè lọ́wọ́ mi yẹn. Kí ọmọ ẹlòmíràn jóná lójú kí ẹ tó gbà pé mo gbọ́n? Ẹ máa pè mí ní ojo. Mo fara mọ́ ọn.

Olóyè ní òun kò tún ní pè wá, ó sì sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ti fagi lé wa. Ọ̀gá Sẹ̀tọ́njí kò sọ ọ̀rọ̀ líle kan sí mi. Ó kàn ní kí n wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a jọ kó àwọn mọ̀rìwò tó kù padà sínú àpótí wọn, dùsímà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n dá Ọdẹ́jídé dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò mi, o pè mí, o ní kí n wá bẹ Olóyè, kí o lè padà sídìí ọkọ̀. O ní kí ni ìkúnlẹ̀ ẹyọ kan máa gbà lára mi. Mo gbọ́ ọ, ó sì dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n bí mo bá bẹ̀bẹ̀, mo ti sọ pé mo ṣe àṣìṣe, bí mo bá sì sọ pé mo ṣe àṣìṣe, lọ́jọ́ mìíràn tí afẹ́fẹ́ bá yí, ọwọ́ mi á wà lórí bọ́tìnnì, n ó máa rántí iṣẹ́ rẹ, n ó sì tẹ̀ ẹ́. Mi ò lè gbé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kiri. Ìwọ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó lé ọ ló mọ ohun tó fi lé ọ. Wọ́n ní o ti ń wa lọ́rì ní Ìsẹ́yìn, o kò sì gbé fóònù mi. Bínú sí mi bó ṣe wù ọ́. N ó ṣì máa pè.

Ìyá mi, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ mi kàn jù. Ọdẹ́jídé ló sọ ọ́ kó tó pa fóònù mọ́ mi létí, pé ẹ ti yọ́ lọ sílé Olóyè, ẹ kúnlẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín yẹn. Páìpù ni mò ń nù lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo sunkún títí Wúsù fi bèèrè ẹni tó kú. Ìyá mi, ẹ dákun, kí lẹ sọ fún wọn pé mo ṣe? Orúkọ wo lẹ pe ẹ̀ṣẹ̀ náà? Ṣé pé ọmọ yín kò da iná lé arúgbó lórí? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló gbé yín lọ. Ẹ má tún lọ mọ́. Mi ò rán yín, mi ò sì ní fara mọ́ ọn pé ẹ bẹ̀bẹ̀ fún mi.

Bàbá mi, ẹ̀yin kò tíì sọ nǹkan kan. Gbogbo èèyàn ló ti pè mí àyàfi ẹ̀yin. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí ọdún tí ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ sí ìgbẹ́ lẹ́yìn òkè, tí igbó kan ń mì, tí gbogbo wọn ní ìgalà ni, ẹ yìn ín, ẹ yìn ín. Ẹ kò yìn. Ẹ ní ẹ kò rí ìwo, ẹ kò rí ojú, igbó tó ń mì nìkan lẹ rí. Ohun tó wà níbẹ̀ sá lọ, ẹ sì padà wálé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Títí dòní, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà nínú igbó yẹn, n kò sì gbọ́ kí ẹ lọ bẹ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé Àgbádárìgì ló bà mí jẹ́.

Mo gbọ́ pé àwọn àgbà ti dá ọjọ́ tí n ó wá kúnlẹ̀ ní gbọ̀ngàn níwájú Olóyè. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ́ ẹní dè mí. N ó wá sílé lọ́dún yìí, ọ̀sán gangan ni n ó sì wọlé, n ó kí ẹni tó bá kí mi. N ó kí Olóyè náà bí ọmọdé ti ń kí àgbà, n ó tún dúpẹ́ òrùlé gbọ̀ngàn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá bèèrè iná, n ó sọ fún un pé kó pè wá lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dára. Ní báyìí, àwọn kan ń ṣègbéyàwó ní Morogbo, ìyàwó sì ti bẹ̀ wá pé mọ̀rìwò ni òun fẹ́. Èmi ni Ọ̀gá Sẹ̀tọ́njí tún fi sídìí bọ́tìnnì.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún mi. Kí ẹsẹ̀ Ìyá ó lágbára, kí ojú Bàbá ó má ṣe di. Kí ọ̀nà Ọdẹ́jídé ó máa tẹ́jú níwájú táyà rẹ̀. Kí iná má ṣe mọ ọ̀nà ilé wa. Ẹ kí Ìyá Àgbà, ẹ kí Bàbá Kékeré àti àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí gbogbo ará àdúgbò, àwọn tó gbè mí àti àwọn tó fi mí ṣẹ̀rín. Bàbá mi, ẹ pè mí. Ẹ kò ní láti sọ ohunkóhun. Bí mo bá ti gbọ́ ikọ́ yín, mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni.

Èmi ni ọmọ yín tí kò jẹ̀bi,

Ọdẹ́bùnmi.